Ìwé àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé òun rí gbà

Ajíròyìnkà:
Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àmọ́ kò tán, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni. Fún ẹni tí kò bá wa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ní oṣù kìn-ín-ní 2025, Home Office ní Ìlú Ọba kọ ìwé àṣẹ kan sí Apple, àwọn tó ń ṣe iPhone, lábẹ́ òfin Investigatory Powers Act tí wọ́n ṣe ní 2016. Wọ́n ní kí Apple wá ọ̀nà tí ìjọba yóò fi máa rí ohun tí àwọn ènìyàn tì mọ́ inú iCloud, ibi tí Apple ti ń bá wọn tọ́jú ẹrù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan èyí tí Apple fúnra rẹ̀ kò lè ṣí. Òfin yẹn náà ló sọ pé ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sọ fún ẹ̀dá alààyè kan pé òun rí i gbà. Oṣù kejì ò tíì dé ìdajì tí Washington Post fi gbé e síta.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì náà, Apple ò ṣe ọ̀nà kankan fún wọn. Wọ́n kàn yọ àgádágodo tó wà níbẹ̀ kúrò fún àwọn ará Ìlú Ọba. Ní oṣù kẹjọ, Tulsi Gabbard, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, kéde pé Ìlú Ọba ti gbà láti jáwọ́. Oṣù kẹwàá ni ìròyìn tún dé pé wọ́n ti kọ ìwé mìíràn, pé ẹrù àwọn ará ilé tiwọn nìkan ni wọ́n fẹ́ tú báyìí.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ìjọba tí kò lè pa àṣírí ìwé tirẹ̀ mọ́ fún oṣù méjì gbáko, àṣírí ta ni ó fẹ́ bá a tọ́jú?

Ọ̀dẹ̀dẹ̀22:
Ìwé wo? Èmi ò rí ìwé kankan gbà o. Bí mo bá tilẹ̀ rí i gbà, mi ò rí i gbà.

Màmá_Ìbejì:
Ẹ ṣàlàyé fún èmi tí n kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà. Mo ti rò pé gbogbo ohun tó wà nínú fóònù mi ni wọ́n ti tì pa. Kí wá ni Apple yọ?

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù:
Ìyá wa, kò le rárá. Ẹ mọ àrokò: ẹni tí a fi rán an lè gbé e dé ibi tó ń lọ láìmọ ohun tó wí, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ló mọ̀ ọ́n kà. Ohun tí à ń pè ní encryption nìyẹn. Gbogbo ìjà tó wà lórí rẹ̀ kò ju pé ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá kó fọ́tò sí iCloud bẹ́ẹ̀ lásán, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Apple ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá ní kí wọ́n ṣí i, wọ́n á ṣí i. Ní ìparí 2022 ni wọ́n gbé Advanced Data Protection jáde. Bí ẹ bá tan ìyẹn, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ Apple á di àwátì, tiyín nìkan ló kù. Kí wọ́n tó gbé èyí jáde, oríṣi nǹkan 14 ni wọ́n ń ṣe irú ààbò bẹ́ẹ̀ fún láìjẹ́ pé ẹ tan ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ó di 23 fún ẹni tó bá tan án. Email, nọ́ḿbà àwọn ènìyàn yín àti kàlẹ́ńdà kò sí lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ni backup, ẹ̀dà ohun inú fóònù tí à ń fi pamọ́ síbòmíràn. Wọn ò fọwọ́ kan iMessage, èyí tí iPhone fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ní Ìlú Ọba, ó ṣì wà ní títì. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ń ṣe backup sí iCloud láìsí ààbò tí wọ́n yọ yẹn, kọ́kọ́rọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ń bá backup rìn. Ẹ ti ilẹ̀kùn iwájú gbọnyin, ẹ wá ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò tí ẹ gbé fún aládùúgbò.

Màmá_Ìbejì:
Èmi sì ń sanwó backup yẹn lóṣooṣù.

Agbèfọ́ba:
Ẹ jẹ́ kí n gba tẹnu mi sọ kí ẹ tó sọ mí lókùúta. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọdé tí àgbàlagbà bà láyé jẹ́. Ẹ̀yin ń fi àgádágodo ṣẹ̀fẹ̀. Èmi ti rí ìyá tó jókòó síwájú tábìlì mi, tó fi fóònù ọmọ rẹ̀ sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni tó gbé ẹyin, tí kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà ṣí i. Ní 2023 nìkan, ìfisùn tó dé ọ̀dọ̀ NCMEC ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń gba irú ẹ̀sùn yìí, lé ní mílíọ̀nù 36. Àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ránṣẹ́, torí pé ojú wọn tó ohun tó ń kọjá. Bí gbogbo rẹ̀ bá di àrokò, ojú ta ni yóò tó o?

Bí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, ọlọ́pàá lè wọ ilé mi, ó lè wọ ilé yín. Kí ló dé tí fóònù fi ju ilé lọ?

Ajíròyìnkà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò ní sọ yín lókùúta níbí. Ìbéèrè gidi lẹ béèrè.

Olùkọ́_Ìṣirò:
Èmi á gbìyànjú. Ọlọ́pàá tó fẹ́ wọ ilé kan ní láti rìn débẹ̀, kó kan ilẹ̀kùn, kí àwọn ará àdúgbò yọjú lójú fèrèsé. Ilé kan ṣoṣo ló lè wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì di dandan kí onílé mọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Apple kì í ṣe àṣẹ láti wọ ilé kan. Kọ́kọ́rọ́ kan ni, tó ń ṣí gbogbo ilé, láti orí àga, lóru, láìsí aládùúgbò tó rí wọn. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín adájọ́ àti gbájú-ẹ̀. Nọ́ḿbà ni. Ẹni tó bá ti ní nọ́ḿbà yẹn lọ́wọ́ ló ni ilé.

Àwọn olóṣèlú ò fẹ́ gbọ́ èyí. Ní 2017, àwọn akọ̀ròyìn bi Malcolm Turnbull, olórí ìjọba Australia nígbà náà, bóyá òfin ìṣirò kò ní dí òfin tó fẹ́ ṣe lọ́wọ́. Ó ní òfin ìṣirò dára, ó yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n òfin kan ṣoṣo tó múlẹ̀ ní Australia ni òfin Australia. Wọ́n ṣe òfin náà ní 2018. Ìṣirò ò tíì fèsì.

Kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́. Ní 1897, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Indiana dìbò fún àbá òfin kan tó fẹ́ sọ iye pi, nọ́ḿbà tó ń sọ iye ìgbà tí ìbú òbìrí wọ inú àyíká rẹ̀, di nǹkan mìíràn. Ènìyàn 67 ló fọwọ́ sí i, kò sí ẹnì kan tó ní rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan láti Purdue, C. A. Waldo, tó wá bá wọn sọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ náà, ló bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Òun ló lọ bá àwọn sẹ́nétọ̀ ṣàlàyé kí wọ́n tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀22:
Ènìyàn 67! Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ní kẹ̀kẹ́ nílé, kó fi okùn wọn táyà rẹ̀ wò?

Arìnrìnàjò:
Ẹ fi ìṣirò sílẹ̀, ẹ lọ wo àpótí ìrìnàjò yín. Bí àmì díámọ́ǹdì pupa kékeré kan bá wà lára àgádágodo rẹ̀, ihò kọ́kọ́rọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiyín. Tiyín ni nọ́ḿbà mẹ́ta tí ẹ ń yí. TSA, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, ló ni ihò yẹn. Kọ́kọ́rọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ṣí gbogbo irú àgádágodo yìí káàkiri ayé, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló sì yẹ kó wà.

Ní 2014, Washington Post ṣe ìròyìn nípa ọ̀nà tí ẹrù ń gbà nínú pápákọ̀. Wọ́n fi fọ́tò àwọn kọ́kọ́rọ́ náà sí i, eyín wọn hàn kedere. Nígbà tó fi di 2015, àwọn kan ti wo eyín kọ́kọ́rọ́ inú fọ́tò, wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ní 3D printer, ẹ̀rọ tó ń fi ike mọ nǹkan, ń tẹ tirẹ̀ jáde nílé. Ẹnikẹ́ni ò fọ́lé, ẹnikẹ́ni ò jí kọ́kọ́rọ́. Fọ́tò lásán ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tẹ ọ̀kan fún mi. Ike funfun, ó fúyẹ́ bí ohun ìṣeré ọmọdé. Mo tì í bọ ihò àpótí mi, mo rọra yí i, ó kọ́kọ́ tẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ kán, ló bá dún kẹ́. Àpótí là. Mo lọ bá ti ìyàwó mi, kẹ́. Ti àna mi wà ní igun yàrá, mo wò ó títí. Mo jọ̀wọ́ ẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀22:
Èyí tí ẹ sọ pé ẹ jọ̀wọ́ ni mi ò gbà gbọ́.

Agbèfọ́ba:
Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n àgádágodo àpótí kì í ṣe ti Apple. Ilé-iṣẹ́ tó lówó tó bẹ́ẹ̀ lè ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ kan.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù:
Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó lówó ti gbìyànjú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú méjì péré.

Gíríìsì, láàárín 2004 sí 2005. Nínú ẹ̀rọ tí Ericsson ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ibì kan wà tí wọ́n ṣe fún ọlọ́pàá, kí wọ́n lè tẹ́tí gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá fọwọ́ sí. Vodafone Gíríìsì kò tilẹ̀ tíì máa lò ó. Àwọn kan wọlé, wọ́n tan án fúnra wọn, wọ́n sì ń gbọ́ ohun tó ń lọ lórí fóònù tó lé ní 100 fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ti Kostas Karamanlis, olórí ìjọba, wà lára wọn. Ẹ rò ó wò: ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn fi síbẹ̀ nítorí bóyá wọn á nílò rẹ̀ lọ́la.

Èkejì kò tíì pẹ́. Amẹ́ríkà ti ní òfin CALEA láti 1994, tó sọ pé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ kí agbófinró lè máa tẹ́tí. Ní 2024, ayé gbọ́ pé àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Salt Typhoon, tí Amẹ́ríkà ní Ṣáínà ló rán wọn, ti wọ inú AT&T, Verizon àti àwọn mìíràn, pé wọ́n sì dé ibi tí àyè yẹn wà. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà. Àwọn wọ̀nyí ṣe ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tún kùn ún.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni ti oṣù kejìlá ọdún náà. FBI àti CISA, àjọ ààbò íntánẹ́ẹ̀tì wọn, pe àwọn akọ̀ròyìn, wọ́n ní kí àwọn ará ìlú máa lo ohun èlò tó ń fi àrokò pa ọ̀rọ̀ mọ́. FBI kan náà tó gbé Apple lọ sílé-ẹjọ́ ní 2016 lórí fóònù apànìyàn kan ní ìlú San Bernardino! Ìyẹn gan-an, wọ́n fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n rí ẹlòmíràn tó bá wọn ṣí fóònù ọ̀hún.

Ọmọ_Lọ́yà:
Ẹ má gbàgbé bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe ẹjọ́ ti Ìlú Ọba yìí. Apple pe ìjọba lẹ́jọ́ níwájú Investigatory Powers Tribunal. Ìjọba bẹ àwọn adájọ́ pé kí ayé má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ náà wà, kí wọ́n má dárúkọ olùpẹjọ́, kí wọ́n má sì dárúkọ olùjẹ́jọ́. Nígbà yẹn, kò sí ìwé ìròyìn tí kò tíì kọ ọ́. Ní oṣù kẹrin 2025, àwọn adájọ́ ní rárá. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bi Home Office léèrè títí di báyìí, wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ti rí oníbàárà tó jẹ́jọ́ báyìí rí. Kò gbádùn ìparí rẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Òfin burúkú tó wà ní gbangba, à á bá a jà ní gbangba. Èyí tí wọ́n ní kí ẹni tó dé bá má sọ̀rọ̀, ta ni yóò bá a jà?

Ajíròyìnkà:
Ẹ̀gbọ́n Agbèfọ́ba ti dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá, à ń jiyàn ni, a ò jà.

Agbèfọ́ba:
Mi ò dákẹ́, iṣẹ́ ni mo lọ. Ó dáa, mo gbà pé ilẹ̀kùn tí ẹ kà kalẹ̀ wọ̀nyẹn, aláìnílẹ́tọ̀ọ́ gbà á wọlé. Ẹ wá sọ ohun tí kí n ṣe fún ìyá tó jókòó síwájú mi. Títọ́ka sí àṣìṣe ìjọba kì í ṣí fóònù.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù:
Òótọ́ lẹ sọ. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀nà kan wà tó dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Àmọ́ ọlọ́pàá tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ń rí i ṣe. Ní 2020, Faransé àti Netherlands wọ inú EncroChat, fóònù tí nǹkan bí 60,000 ènìyàn ń lò, tí àwọn ọ̀daràn gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ wọn bí ó ṣe ń jáde. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kó bá gbogbo ayé gé kọ́kọ́rọ́.

Èyí tó dùn jù ni ANOM. FBI dá ilé-iṣẹ́ fóònù tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń tà á fún àwọn ọ̀daràn lábẹ́lẹ̀ pé kò sí ọlọ́pàá tó lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nǹkan bí 12,000 ló bọ́ sí ọwọ́ oníbàárà. Ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù 27 ni wọ́n kà. Oṣù kẹfà 2021, wọ́n kó ènìyàn tó lé ní 800.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀22:
Ọ̀daràn fowó ara rẹ̀ ra fóònù lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ó tún ń polówó rẹ̀ fún ọ̀rẹ́.

Agbèfọ́ba:
Àwọn tó ń ta kokéènì nìyẹn. Ọkùnrin tó jókòó nínú yàrá rẹ̀, tó ń tan ọmọ ọdún mọ́kànlá, kì í ra ANOM. Fóònù bíi tiyín ló ń lò.

Olùkọ́_Ìṣirò:
Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yín yìí kí n tó kọ̀wé. Ẹ tọ̀nà, ibẹ̀ ló ti ń ro wá lọ́kàn. Mi ò ní èsì tó lè tu ìyá yẹn nínú.

Màmá_Ìbejì:
Èmi tí mo bímọ, ìhà méjèèjì ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ gbọ́ ti bàbá kan ní San Francisco tí New York Times kọ ìtàn rẹ̀ ní 2022? Abẹ́ ọmọ rẹ̀ wú, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n ya fọ́tò ránṣẹ́ kí dókítà lè wò ó. Bàbá yà á, dókítà kọ oògùn, ara ọmọ yá. Ṣùgbọ́n fóònù ti gbé fọ́tò lọ sọ́dọ̀ Google, ẹ̀rọ wọn sì pè é ní ohun ìbàyéjẹ́ ọmọdé. Wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa mọ́ ọn lójú: email, fọ́tò, títí dé nọ́ḿbà fóònù rẹ̀. Ọlọ́pàá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò jẹ̀bi nǹkan kan. Google ò dá a padà fún un síbẹ̀.

Mo ti ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá wo ni kò yà á rí?

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù:
Apple náà fẹ́ ṣe tirẹ̀ ní 2021, kí fóònù fúnra rẹ̀ máa fi fọ́tò wé àwọn fọ́tò ìbàyéjẹ́ ọmọdé tí wọ́n ti mọ̀ kó tó gbé wọn lọ sí iCloud. Láàárín oṣù náà ni àwọn kan ti rí fọ́tò méjì tí kò jọ ara wọn rárá tí ẹ̀rọ náà ń kà sí ọ̀kan. Ní oṣù kejìlá 2022, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀22:
Kí ẹ tó máa da gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ: oṣù kẹta 2025, àwọn ọ̀gá ààbò Amẹ́ríkà wà lórí Signal, ohun èlò tó ń fi àrokò gbé ọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe ju bọ́ǹbù sí Yemen. Àrokò tó lágbára jù. Ni wọ́n bá fi olóòtú ìwé ìròyìn The Atlantic kún ẹgbẹ́ náà fúnra wọn. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń kà á. Àgádágodo ò bàjẹ́ o.

Màmá_Ìbejì:
Ẹ ti dẹ́rù bà mí tó. Níbi tí mo wà, wọn ò tíì yọ ti Apple yẹn, mo tan án lálẹ́ àná. Fóònù ní kí n kọ kọ́kọ́rọ́ ìrànwọ́ kan sórí ìwé, lẹ́tà àti nọ́ḿbà 28. Ó ní bí mo bá sọ ọ́ nù, tí mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà mi, àwọn Apple náà ò ní lè ṣe nǹkan kan. Mo kọ ọ́. Ó tún ní kí n tẹ̀ ẹ́ padà kí òun mọ̀ pé mo kọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì í, àwọn ìbejì ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbà. Mo ká ìwé náà, mo kì í bọ inú bàtà kan tí mi ò wọ̀ mọ́, ó wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀22:
Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Bàtà aláwọ̀ wo?

Màmá_Ìbejì:
Aláwọ̀ ewé. Ti ẹsẹ̀ òsì.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù:
Ìyá wa!!

Agbèfọ́ba:
Kí gbogbo ilé jẹ́rìí sí mi. Mi ò mú ìwé àṣẹ wá, mi ò sì béèrè nǹkan kan.

Màmá_Ìbejì:
Mo ti gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ má béèrè.